Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: báwo ni ìkéde ṣe lè dé abúlé tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Kwali níbí, lágbègbè Àbújá, ni mo ti ń ránṣọ, ṣùgbọ́n abúlé àwọn Gbagyi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dé ni ọ̀pọ̀ oníbàárà mi ti ń wá. Lóṣù tó kọjá, wọ́n pèpàdé lórí ọ̀rọ̀ omi. Orí WhatsApp nìkan ni wọ́n kéde rẹ̀ sí! Ìyá kan tó ṣì ń pọnmi odò, ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìpàdé ló gbọ́, nígbà tó wá gba búláòsì rẹ̀. Ó kàn ń wò mí ni, ó ní: "Ta ni wọ́n wá fẹ́ gbẹ́ kànga ọ̀hún fún?"

Ti káàdì ìdìbò náà nìyẹn. Láti 2021 lèèyàn ti lè bẹ̀rẹ̀ ìforúkọsílẹ̀ INEC lórí íntánẹ́ẹ̀tì, síbẹ̀ ó gbọ́dọ̀ yọjú kí wọ́n gba ìtẹ̀ka rẹ̀.

Mo fẹ́ máa kọ ìkéde sórí páálí lọ́jọ́ ọjà, àmọ́ púpọ̀ wọn ò kàwé. Ọlọ́kadà kan ní òun á máa jíṣẹ́ fún baálẹ̀ wọn. Ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ fi tiẹ̀ kún un. Haúsá ọjà lásán ni mo sì gbọ́, kí wọ́n má rò pé òṣèlú ni mo ń bá kiri.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú ẹ̀ rí, ní Bwari tàbí Abaji, ta lẹ kọ́kọ́ lọ bá? Báwo lẹ sì ṣe ń gbé èsì àwọn ará abúlé padà dé ọ́fíìsì?