Ọbẹ̀ ata ẹlẹ́ran fún ilé tí wọ́n ti ń ṣa oúnjẹ jẹ: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyàwó Ìjẹ̀bú-Òde
Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ ilé o. Ọbẹ̀ ata lásán ni ìbéèrè mi dá lé, ẹlẹ́ran màlúù, kì í ṣe ti àsè. Ẹni márùn-ún ló ń jẹ ẹ́. Bàbá àwọn ọmọ ní ẹran máa ń yi. Ìyá ọkọ mi ní ọbẹ̀ ń kan. Èyí ẹ̀gbọ́n nínú àwọn ọmọ a máa ṣa àlùbọ́sà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo, bó bá sì rí kóró ata pẹ́nrẹ́n, kò jẹun mọ́. Àbúrò rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin, kò lè fẹnu kan ata rárá.

Bí mo ṣe ń sè é nìyí: ẹran kílò kan, tòmátì tútù mẹ́wàá, tàtàṣé méjì, rodo márùn-ún, àlùbọ́sà kan. Mo máa ń lọ ata, kí n gbé e kaná pẹ̀lú òróró àti ẹran tútù lẹ́ẹ̀kan náà kí gáàsì má baà lọ jù, kí n wá fi tòmátì alágolo kan sí i kó lè pọ́n. Wákàtí kan ló ń gbà. Níbo ló ti ń bà jẹ́? Mi ò sì lè máa se ìkòkò mẹ́rin fún ẹni márùn-ún o.

Alásè Ìperu
Tòmátì yẹn ló kọ́kọ́ burú. Ẹ yí i padà: fún ẹran kílò kan, tàtàṣé ńlá mẹ́fà, tòmátì mẹ́ta péré, àlùbọ́sà ńlá kan fún lílọ̀. Tàtàṣé ló ń fún ọbẹ̀ ní pípọ́n àti adùn. Omi àti kíkan ló pọ̀ nínú tòmátì. Bí ẹ bá ti ṣe é báyìí, ẹ ò nílò tòmátì alágolo mọ́. Òun gan-an wà lára ohun tó ń kan, nítorí ẹ ò dín in, inú omi lẹ dà á sí.

Ẹ la tàtàṣé sí méjì, ẹ yọ kóró àti awọ funfun inú rẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ kóró ti tán nìyẹn. Ẹ lọ̀ ọ́ pẹ̀lú tòmátì àti àlùbọ́sà títí yóò fi kúnná. Ẹ má fi rodo sí i ná, mò ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Ata lílọ̀ yẹn, ẹ gbé e kaná lóun nìkan, láìsí òróró, láìdé e. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó lè dín díẹ̀ tàbí kó lé, títí omi á fi gbẹ tí yóò ki bí ẹ̀kọ mímu tó ki dáadáa. Bí ẹ bá fi ṣíbí fa ìlà nídìí ìkòkò, tí ìlà náà dúró díẹ̀ kó tó padé, ó ti tó. Àwọn tó ń kánjú da òróró lé ata olómi, ṣe ni wọ́n ń bọ ata nínú òróró, kò dín. Ibi tí ọbẹ̀ ti ń kan nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ṣúgà ni wọ́n á tún máa wá kiri.

Ọmọ Alápatà, Ṣágámù
Ẹ̀yà ẹran wo lẹ ń rà? Itan tí kò lọ́ràá, bí a bá sè é pẹ́ jù, ó ń gbẹ. Ojúgun àti àyà, tó níṣan, bí a bá sè é kánkán, ó ń yi. Iṣan yẹn lè yọ́ kó sì dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n iná wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ló ń yọ́ ọ, kì í ṣe iná tó ń hó gbùdùgbùdù. Iná ńlá ń fún omi inú ẹran jáde ni, ẹran á súnkì, á sì le.

Fún ọbẹ̀ ilé, ẹ ní kí alápatà gé èjìká tàbí àyà fún yín, kó sì gé e ní ìdábùú fọ́nrán rẹ̀. Bí ẹ bá wo ẹran tútù dáadáa, ẹ máa rí àwọn okùn tín-ín-rín tó tò lọ sí apá kan náà. Ọ̀bẹ gbọ́dọ̀ dá wọn ní ìdábùú. Ègé tí a gé tẹ̀ lé okùn yẹn, bó ti wù kó rọ̀ tó, eyín á máa fà á. Mo rò pé ìdajì ẹjọ́ bàbá àwọn ọmọ wà níbẹ̀. Ègé bí ogún nínú kílò kan ti dára. Ẹ má jẹ́ kó kéré jù, torí ó lè súnkì tó ìdá kan nínú mẹ́ta.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sè é, ẹ má bu omi sí i lákọ̀ọ́kọ́. Iyọ̀ ṣíbí kékeré kan, ààbọ̀ àlùbọ́sà, táìmù ààbọ̀ ṣíbí kékeré, magí kan. Ẹ dé e lórí iná kékeré fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Omi ara rẹ̀ á jáde, á tún fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, adùn á wọnú ẹran. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ bu omi gbígbóná sí i, kó kàn bo ẹran lórí. Èjìká ń gba wákàtí kan sí wákàtí kan àbọ̀, ojúgun lè tó méjì. Tó bá jẹ́ pressure pot, bí ìṣẹ́jú márùndínlógójì, owó gáàsì á sì dín kù gan-an. Ẹran gbọ́dọ̀ ti rọ̀ tán kó tó wọ inú ata. Ata tó ti ki á jó mọ́ ìdí ìkòkò kí ẹran tútù tó rọ̀. Bí ẹ bá sì bomi sí i torí ìyẹn, ẹ ti ba ata jẹ́.

Ọmọ Òde Rẹ́mọ
Ẹ fi paracetamol méjì sí ẹran, kíá ló ń rọ̀. Àwọn olóúnjẹ kan ń ṣe é.

Nọ́ọ̀sì Ìlíṣàn
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Òògùn ni paracetamol, kì í ṣe èròjà ọbẹ̀. NAFDAC ti kìlọ̀ nípa rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè sọ iye tó wà nínú ègé tí ọmọ ọdún mẹ́rin jẹ, ẹ̀dọ̀ ló sì ń bá jà bó bá pọ̀ lára. Bí ọmọ náà bá tún ní ibà lọ́jọ́ yẹn tí ẹ fún un lóògùn, ó ti di ìlọ́po nìyẹn.

Bí ẹran bá yi jù, ìbẹ́pẹ dúdú tí kò tíì pọ́n wà. Ẹ gún ègé rẹ̀ tó tó àtàǹpàkò, ẹ fi pa ẹran lára fún bí ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n, ẹ ṣàn án kúrò, kí ẹ tó gbé e kaná. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní papain tó wà nínú rẹ̀ ló ń tú okùn ẹran. Ẹ má fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì o, ojú ẹran á di pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀.

Ọmọ Òde Rẹ́mọ
Mo gbọ́ mà. Kán-ún ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Ìlíṣàn
Kán-ún ń rọ ẹran lóòótọ́, ṣùgbọ́n adùn rẹ̀ á lọ, á sì máa yọ̀ lẹ́nu. Iná kékeré ló ń ṣe iṣẹ́ náà dáadáa ju gbogbo wọn lọ.

Ìyá Ẹlẹ́ta Òkè Ajé
Ọmọ mi, kó o tó bá ìdáná jà, wo ata tó o rà. Tàtàṣé tó dáa máa ń dán, igi orí rẹ̀ á ṣì tutù yọ̀yọ̀. Tẹ ìdí rẹ̀: bó bá rọ̀ níbì kan, gbóòórùn ẹ̀. Ẹyọ kan tó ti ń kan lè ba gbogbo abọ́ jẹ́. Ìyẹn ni èyí tí wọ́n kó jọ tí wọ́n ń tà ní ọ̀pọ̀. Rà á bó o bá fẹ́, ṣùgbọ́n gé ibi tó ti rà sọnù pátápátá.

Ṣé ẹ̀rọ lo ń gbé ata lọ? Ní kí onílọta fi omi ṣan ẹ̀rọ kó sì da omi yẹn nù. Bó bá jẹ́ ògì ló lọ̀ kẹ́yìn, èérí ògì tó kù níbẹ̀ ti kan tẹ́lẹ̀. Má sì lọ ata lálẹ́ kó o gbé e sílẹ̀ di òwúrọ̀ láìsí firíìjì. Ata lílọ̀ kì í pẹ́ kó tó máa hó lóun nìkan.

Bi ìyá ọkọ ẹ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ṣé ìrẹsì ni wọ́n fi jẹ ẹ́ ni àbí ẹ̀bà? Gàrí Ìjẹ̀bú kan, a kì í ṣe àwáwí nítorí ẹ̀, bá a ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Ẹ̀bà kíkan àti ọbẹ̀ kíkan, méjèèjì á pàdé lẹ́nu. Fi ìrẹsì funfun tọ́ ọ wò kó o tó dá ara rẹ lẹ́bi.

Alásè Ìperu
Ìyá wa ti sọ ohun tí mo gbàgbé. Ẹ jẹ́ ká dín ata báyìí.

Òróró tó mìlílítà 200 sí 250. Ẹ má bẹ̀rù rẹ̀, ẹ lè fi ṣíbí bu àlékún rẹ̀ kúrò lójú ọbẹ̀ tó bá yá. Bí òróró bá kéré jù, ata á lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò kó tó dín. Nítorí ọmọ tó ń ṣa àlùbọ́sà, ẹ má rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́. Ẹ la ẹyọ kan sí méjì, ẹ fi ojú rẹ̀ sínú òróró gbígbóná fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin títí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á fi pọ́n, ẹ yọ ọ́ sọnù. Òórùn àlùbọ́sà ti wà nínú òróró, kò sì sí ohun tí ọmọ máa rí ṣà.

Ẹ da ata tó ti gbẹ sí i. Ó máa ta o, ẹ rọra. Iná àárín, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún, kí ẹ máa rò ó láti ìdí ní gbogbo ìṣẹ́jú méjì-mẹ́ta. Etí ni kí ẹ fi sí i. Lákọ̀ọ́kọ́, ariwo omi ni, ṣàà ṣàà. Bí omi bá ṣe ń tán, ariwo á wálẹ̀, ata á máa dún pọ́kọ́ pọ́kọ́, pípọ́n rẹ̀ á jinlẹ̀ sí i, òróró á sì yọ sí ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, á léfòó. Ẹ tọ́ ọ wò níbẹ̀. Bí kíkan bá ṣì wà, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú márùn-ún sí i kí ẹ tó ro ohun mìíràn. Omi ẹran kò gbọ́dọ̀ tíì wọlé, torí bí omi bá ti wọlé, dídín ti parí nìyẹn.

Ìgbà tó bá dín tán, omi ẹran ife kan àbọ̀, ẹran, kọ́rì ààbọ̀ ṣíbí kékeré. Ẹ tọ́ iyọ̀ wò kí ẹ tó fi kún un, torí omi ẹran ti ní iyọ̀ àti magí. Iná kékeré, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó parí.

Màmá Kẹ́mi, Ìkẹ́nnẹ́
Kọ́rì nínú ọbẹ̀ ata? Èmi ò fara mọ́ ọn o. Ó ń sọ pípọ́n ọbẹ̀ di yẹ́lò, òórùn rẹ̀ ló sì máa ń lé ọmọdé sá. Táìmù tó wà nínú ẹran ti tó.

Ẹ ò sì dín ẹran. Ẹran bíbọ̀ tí a gbé sọ́bẹ̀ láìdín, omi lásán ni.

Ọmọ Alápatà, Ṣágámù
Ẹ̀gbọ́n, nílé tí ẹran ti ń yi, dídín ló ń dá kún un. Bí ẹ bá máa dín in, ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin péré nínú òróró tó gbóná dáadáa, kí ojú rẹ̀ kàn pọ́n. Tó bá dé ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ti àwọn alásè òde ìgbéyàwó ló dà yẹn, ẹran tí wọ́n ń fi eyín ẹ̀yìn jẹ.

Màmá Kẹ́mi, Ìkẹ́nnẹ́
Ẹ ṣé, mo gbà ìyẹn. Ẹ nu ẹran gbẹ kó tó wọ òróró o, omi ara rẹ̀ ló ń mú kí òróró máa ta.

Ọ̀rọ̀ rodo wá ku. Gbogbo ohun tí Alásè sọ yẹn, tàtàṣé lásán ni, kò fi bẹ́ẹ̀ ta. Ẹ bu ti ọmọ ọdún mẹ́rin sọ́tọ̀ níbẹ̀, ẹ tún bu ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń sá fún kóró ata pẹ̀lú. Rodo mẹ́rin ni kí ẹ lọ̀ lọ́tọ̀, kí ẹ fi ṣíbí òróró méjì dín in nínú agbada kékeré fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí méje pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé wà nílé ìdáná, òórùn rẹ̀ ń gún imú àti ọ̀nà ọ̀fun. Ìdajì ẹ dà á sínú ọbẹ̀ àgbà, ìdajì ẹ gbé e sínú ìgò kékeré. Ẹni tó bá fẹ́ kó ta, kó bù ú sí àwo tiẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ òórùn rodo nínú ti ọmọ láìta, ẹ fi odindi ẹyọ kan, tí ẹ kò gún, léfòó sínú ọbẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún tó kẹ́yìn, kí ẹ yọ ọ́ tòun ti igi orí rẹ̀. Bó bá bẹ́, ọ̀rọ̀ ti bẹ́ nìyẹn. Awọ funfun tí kóró lẹ̀ mọ́ ni ata rodo ti ń ta jù. Bó bá ta ọmọ lẹ́nu, omi kò ràn án. Mílíìkì ni kí ẹ fún un.

Ìyàwó Ìjẹ̀bú-Òde
Ẹ ṣé gan-an ni, Ọlọ́run á máa fún yín ṣe. Ẹ̀bà gàrí Ìjẹ̀bú ni màmá fi ń jẹ ẹ́ lóòótọ́! Ìbéèrè kan ló kù: ṣé mo lè sè é fún ọ̀sẹ̀ kan? Iná mọ̀nàmọ́ná wa ò dúró rí.

Alásè Ìperu
Ata tí kò tíì rí ẹran ni kí ẹ sè pọ̀. Ìlọ́po méjì ata díndín, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ pín in sí ọ̀rá kéékèèké fún fírísà, ẹ wá máa se ẹran tuntun sí i. Ọbẹ̀ tó ti lẹ́ran nínú, ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin nínú firíìjì. Ẹ má dé e pa nígbà tó ṣì gbóná, ooru á di omi lára ìdérí, á kán padà sínú ọbẹ̀. Ìyẹn wà lára ohun tó ń mú un kan. Ẹ má sì jẹ́ kó ju wákàtí méjì lọ níta kó tó wọ firíìjì.

Bí kò bá síná, ẹ gbé e kaná láàárọ̀ àti lálẹ́, kó hó dáadáa, kì í ṣe kó kàn lọ́wọ́ọ́wọ́. Ṣíbí tí ẹnikẹ́ni ti fi jẹun kò gbọ́dọ̀ padà sínú ìkòkò. Àti ti ọmọ kékeré yẹn, ẹ kọ́kọ́ gbé tiẹ̀ kaná kí ẹ tó gbé ti àgbà, kí ṣíbí ọlọ́rodo má baà kó wọ inú rẹ̀.