Owó ìrànwọ́ kòrónà: ọwọ́ ta ló bọ́ sí ní Rẹ́mọ àti Ìjẹ̀bú?

ỌmọṢàgámù: Ẹ kú iṣẹ́ o. Bí a bá dá ọ̀rọ̀ owó kòrónà sílẹ̀ ní Sábó tàbí Mákún, ohun tí gbogbo ẹnu ń sọ ni pé olóṣèlú ló kó o jẹ. Ìjọba àpapọ̀ ní àwọn san 20,000 náírà fún ìdílé kọ̀ọ̀kan ní 2020. Ìdílé wo? Ta ló kọ orúkọ wọn?

Akọ̀wé Àdúgbò: Ìwé orúkọ tálákà tí wọ́n lò ti wà kí àrùn náà tó dé. Wọ́n á pe ìpàdé àdúgbò, ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀, ọ̀dọ́ lọ́tọ̀. Ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan á dárúkọ àwọn tí kò rí jẹ jù, wọ́n á fi wéra, akọrúkọ á wá máa lọ láti ojúlé dé ojúlé. 5,000 lóṣù ni owó náà, oṣù mẹ́rin ni wọ́n pa pọ̀. Ibi tó ti wọ́ ni pé ìgbèríko ni ìwé yẹn dojú kọ. Ọlọ́kadà tàbí aránṣọ ìgboro kì í ṣe tálákà lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ọ́. Kónílé-ó-gbélé tó bẹ̀rẹ̀ ní Ògùn lọ́jọ́ 3 oṣù kẹrin ló sọ ọ́ di aláìní, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì péré. Oṣù kìíní 2021 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ìwé ti tálákà ìgboro.

Aránṣọ Òkè-Ajé: Ẹ fi ti Survival Fund kún un, ètò ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ fún àwọn oníṣòwò kéékèèké àti oníṣẹ́ ọwọ́. Ọ̀ṣínbàjò, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ wa, ló ṣe alága ìgbìmọ̀ tó gbé ètò yẹn kalẹ̀. Oníṣẹ́ ọwọ́ gba 30,000 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Orúkọ orí fọ́ọ̀mù àti ti BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ oníbàárà bánkì, ló dá a rú: obìnrin tó ń jẹ́ orúkọ ọkọ níbi iṣẹ́, tó sì jẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀ ní bánkì, kọ̀ǹpútà á kà á sí ẹni méjì.

Ajílété: Àlàyé yín dáa, ṣùgbọ́n owó kọ́ ni inú fi ń bí àwọn èèyàn, oúnjẹ ni. Owó Survival Fund ní BVN tí ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Ìrẹsì kò ní. Bó bá ti dé wọ́ọ̀dù, ẹni tó mọ alága ẹgbẹ́ òṣèlú ló ń gbé e lọ. Èyí tó tiẹ̀ dé, ẹ bi ìjọba Ọ̀yọ́ tó dá ìrẹsì tí kọ́sítọ́ọ̀mù fún un padà ní 2020 nítorí kòkòrò. Bí wọ́n bá lẹ orúkọ àwọn tó gba ìrànwọ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà ààfin àti ọjà, ará àdúgbò á mọ ẹni tí kò yẹ kó wà níbẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

ỌmọṢàgámù: Ẹ ṣeun. Ṣé ẹnikẹ́ni rí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ lára ògiri káńsù wa rí?