Irin tí wọ́n fẹ́ fi sẹ́sẹ̀ bàbá mi, ṣé oògùn wà lára ẹ̀ lóòótọ́?

Ọmọ Tákíẹ́: Ẹ káàsán o. Ọ̀kadà gbá bàbá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, egungun ojúgun kán ó sì yọ síta. Dókítà ní àwọn máa ti irin gígùn bọ inú egungun, pé èyí tí wọ́n kun gentamicin, oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, sí lára wà àmọ́ ó wọ́n ju ti lásán lọ. Ṣé ká forí ṣe fọrùn ṣe ká rà á?

Nọ́ọ̀sì Arówómọlẹ̀: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á wo bàbá sàn. Egungun tó bá yọ síta, kòkòrò ti ráyè wọbẹ̀ nìyẹn. Tí wọ́n bá bà lé irin, wọ́n á so mọ́ra wọn, wọ́n á ta nǹkan yọ̀rọ̀ kan bora bí itọ́ ìgbín, oògùn tó ń gba inú ẹ̀jẹ̀ kọjá kì í sì í rí wọn pa dáadáa mọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kun oògùn sára irin, kó máa jáde níbi tí ogun wà gan-an. Àmọ́ ẹ má dá abẹ́rẹ́ tó ń pa kòkòrò dúró o, kí wọ́n sì fọ ojú ọgbẹ́ yẹn mọ́ ní tíátà, ìyẹn ló ṣe pàtàkì jù.

Bàbá Ìbejì: Òótọ́ ni. Àwọn ará Jámánì ti ń po gentamicin mọ́ sìmẹ́ǹtì egungun, ìyẹn èyí tí wọ́n fi ń mú irin dúró sínú egungun, láti nǹkan bí 1970. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n kùn ló jẹ́ oògùn, irin tí wọ́n fi síbàdí ìyá mi, hydroxyapatite ni wọ́n kùn ún, ó jọ èròjà egungun, kí egungun lè hù mọ́ ọn ni. Ẹ bi dókítà dáadáa.

Ọmọ Tákíẹ́: Ẹ ṣeun gan-an. Kíndìnrín bàbá ò fi bẹ́ẹ̀ lágbára, ṣé kò léwu?

Nọ́ọ̀sì Arówómọlẹ̀: Háà, ẹ sọ fún dókítà lónìí yìí, ẹ má dúró dọ̀la.