Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o, mo fẹ́ gbé Màmá lọ Doolin, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀

Ìyá Mofẹ́ (ẹni tó béèrè): Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ará wa. Orí mi gbóná. Màmá mi ti Ìbàdàn dé láti wá bá wa ṣe ọlọ́mọ, látìgbà tí wọ́n sì ti dé Birmingham, ṣọ́ọ̀ṣì àti ṣọ́ọ̀bù nìkan ni wọ́n mọ̀, ni mo bá ní kí n gbé wọn jáde kójú wọn là díẹ̀. A jọ wo fídíò Cliffs of Moher, àwọn bèbè àpáta gíga tó dojú kọ òkun ní Ireland, wọ́n ní "iṣẹ́ Olúwa mà tóbi o", bí mo ṣe bùkù yàrá nìyẹn ní Doolin, abúlé kékeré kan nítòsí ibẹ̀ ní County Clare. Àbúrò ọkọ mi ń gbé ní Galway, ó ní mọ́tò, mo ní kó wá gbé wa, ó ní òun wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó jẹ́ pé pálọ̀ wa ló sùn sí nígbà tó kọ́kọ́ dé òkè òkun! Ọkọ mi ní kí n má bá a jà. Onílé tá a bùkù lọ́dọ̀ ẹ̀ náà ní tá a bá fagi lé e, òun ò dá owó padà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé èèyàn lè lọ síbẹ̀ láìní mọ́tò? Ṣé a máa rí oúnjẹ tó lata jẹ? Màmá ò lè máa jẹ ànàmọ́ òyìnbó tàárọ̀ talẹ́.

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Bọ́ọ̀sì wà, 350 ni, Galway ló ti ń bọ̀, ó ń gba Doolin, ó ń dúró ní Cliffs of Moher gan-an, ó sì ń dé Ennis níbi tí rélùwéè wà. Ẹ yẹ àkókò ẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó jáde o, torí tí ọ̀kan bá lọ, ẹ máa dúró pẹ́. Bàálù tó ń já sí Shannon, ní County Clare níbẹ̀, ni kẹ́ ẹ wọ̀, ẹ má lọ já sí Dublin. Ata, ẹ di í dání látilé.

Bàbá Tolú: Ẹbí ọkọ, ẹbí ìyàwó, ìkan náà ni gbogbo wọn. Èmi náà gba ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi sílé ní Luton, mo wá ṣe òpèréṣọ̀n, kò pè mí lórí fóònù títí mo fi gbádùn. Ẹ gbàgbé ọmọ yẹn jàre.

Àdùkẹ́ Ennis: Bàbá Tolú, ọmọ tó wà lẹ́nu iṣẹ́, kí ló fẹ́ ṣe? Iṣẹ́ tí wọ́n ti kọ orúkọ èèyàn sí, wọn kì í ṣàdédé yọ ọ́. Ìyá Mofẹ́, ìgbà wo lẹ ń lọ? Ẹ ò sọ.

Ìyá Mofẹ́: Ẹ ṣé Ìyá Ìbejì. Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ ò mọ gbogbo ohun tá a ṣe fún ọmọ yẹn ni. Oṣù kọkànlá ni, ìgbà yẹn lowó yàrá wálẹ̀. Mo tún fẹ́ ká wọkọ̀ ojú omi láti Doolin lọ sí erékùṣù Inis Oírr, ká lọ wo ọkọ̀ ńlá tí ìjì gbé gun orí àpáta.

Àdùkẹ́ Ennis: Ọkọ̀ Plassy nìyẹn, 1960 ni ìjì gbé e síbẹ̀. Àmọ́ tó bá ti di oṣù kọkànlá, ọkọ̀ ojú omi Doolin ti máa ń wọlé ìsinmi, àfi oṣù kẹta. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ ti ṣú. Cliffs ò ní tilẹ̀kùn ní tiẹ̀. Ó ga ju mítà 200 lọ níbi tó ga jù, lọ́wọ́ O'Brien's Tower tí wọ́n kọ́ ní 1835. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ wo àwọn pẹpẹ òkúta tí wọ́n nà ró bí ọgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ipa àwọn ẹ̀dá abẹ̀mí tó ń wọ́ káàkiri nígbà ìwáṣẹ̀ ṣì wà lójú wọn gátagàta, bí ipa ìgbín lórí ilẹ̀. Mo máa ń fọwọ́ pa á ni. Ẹ má sì gba ẹ̀yìn ọgbà yẹn kọjá láéláé, èèyàn ti já bọ́ níbẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Doolin Cave, ihò inú àpáta yẹn, ńkọ́? Òkúta tó rọ̀ wálẹ̀ látòkè níbẹ̀ gùn ju mítà méje lọ!

Ìyá Ìbejì: Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 100 kẹ̀, ṣé Màmá ló máa gùn ún? Burren ni kí wọ́n gbé wọn lọ, ilẹ̀ tó jẹ́ àpáta ṣáá, kí wọ́n wo Poulnabrone, ibojì olókùúta tó ti lé ní 5,000 ọdún. Ibẹ̀ tẹ́jú.

Ìyá Mofẹ́: Orúnkún ń dun Màmá lóòótọ́.

Alákòóso: Ẹ dúró ná. Páásípọ́ọ̀tù wo ni Màmá ń lò?

Ìyá Mofẹ́: Ti Nàìjíríà ni, àmọ́ físà UK wọn pé pérépéré. Èmi àti ọmọ ní ti Bírítéènì. UK àti Ireland ò sáà ní bọ́dà láàárín ara wọn.

Alákòóso: Háà! Físà UK tó wà lọ́wọ́ Màmá ò mú wọn wọ Ireland o. Ọmọ ìlú Bírítéènì àti ọmọ Ireland ni ètò aláìníbọ́dà yẹn wà fún. Wọ́n gbọ́dọ̀ gba físà Ireland lọ́tọ̀, €60 ni ti ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n sì sábà máa ń fẹ́ kéèyàn gbà á láti ìlú tó ń gbé, ìyẹn Nàìjíríà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ gba Belfast ní Northern Ireland, kẹ́ ẹ wọ bọ́ọ̀sì látibẹ̀ wọ Ireland. Ẹnikẹ́ni ò ní yẹ̀ yín wò.

Àdùkẹ́ Ennis: Má kó ìyá oníyàá sí wàhálà! Ọlọ́pàá máa ń wọnú bọ́ọ̀sì yẹn béèrè ìwé, mo ti rí i tí wọ́n mú èèyàn sọ̀ kalẹ̀. Tí wọ́n bá dá Màmá padà, ṣé wọ́n tún máa rí físà UK gbà lẹ́yìn ìyẹn?

Bàbá Tolú: Ẹ ṣáà gbé wọn lọ Blackpool, etíkun ní England níbí.

Ìyá Mofẹ́: Èmi ò lè mú ìyá mi gba ẹ̀bùrú. Àmọ́ kí ló dé tí onílé yẹn ò béèrè páásípọ́ọ̀tù kó tó gbowó? Ọmọ Galway yẹn náà, ó mọ̀ pé Màmá ń bọ̀, kò sọ nǹkan kan.

Alákòóso: Iṣẹ́ onílé kọ́ nìyẹn. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó sún ọjọ́ yẹn sí ọdún tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n Northern Ireland fúnra ẹ̀, UK ni, físà Màmá gbà á. Ẹ wọ bàálù lọ Belfast, kẹ́ ẹ lọ Giant's Causeway.

Ìyá Mofẹ́: Mo ka èyí fún Màmá báyìí. Wọ́n ní ṣé òkun wà níbẹ̀?

Ìyá Ìbejì: Òkun wà dáadáa. Òpó òkúta bí 40,000 ló tò síra wọn wọnú omi. Bọ́ọ̀sì kékeré ń gbé èèyàn sọ̀ kalẹ̀ débẹ̀, orúnkún ò ní dà wọ́n láàmú. Ẹ mú páásípọ́ọ̀tù Màmá dání o, kẹ́ ẹ sì wọ búláńkẹ́ẹ̀tì mọ́ ọmọ lára.