Fótò Òkè Ìdànrè tí ọyẹ́ bò, báwo ni mo ṣe fẹ́ tún un ṣe?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ fótò ẹ́díìtì, ẹ jọ̀ọ́. Mo ya fótò látorí Òkè Ìdànrè nígbà ọyẹ́, gbogbo òkè tó wà lọ́ọ̀ọ́kán wá rí bíi pé wọ́n da eérú lé e lórí. Mo fa Dehaze (ìyẹn ohun tó ń dín ọyẹ́ kù nínú fótò) sókè nínú Lightroom, áàpù ẹ́díìtì fótò, orí fóònù, àwọn òkè yọ lóòótọ́ àmọ́ ojú ọ̀run dúdú kọjá ààlà, ìlà funfun kan sì yí etí àpáta ká. Mo sọ ọ́ di black and white, ìyẹn dáa díẹ̀, ṣùgbọ́n àwọ̀ páànù àwọn ilé ìsàlẹ̀ yẹn ni mo fẹ́ràn jù, mi ò fẹ́ kó lọ. JPEG ni o, kò sí RAW (ìyẹn fáìlì tí kámẹ́rà ò tíì fún pọ̀). Ṣé kí n fi mask (ohun tó ń jẹ́ kéèyàn tún apá kan fótò ṣe) mú àwọn òkè ọ̀ọ́kán nìkan kí n tó fa Dehaze ni, báwo sì ni ìlà funfun yẹn ò ṣe ní yọ?