Ṣé ìwé tí àbúrò mi fọwọ́ sí lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ṣì dè é?

Ẹ̀gbọ́n Ṣómólú béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ àbúrò mi obìnrin ni mo gbé wá, mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá mọ òfin tàbí ìlànà ìṣègùn bá mi dá sí i. Ọmọ ọdún 31 ni, ó ti bímọ méjì, ó sì ti pinnu pé òun fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ti ń fa ọ̀rá láti ikùn lọ sí ìdí, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní BBL. Èmi kò fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n àgbàlagbà ni, ara rẹ̀ sì ni. Ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Èkó ló lọ. Obìnrin tó ń gba owó níbẹ̀ ló ń bá a sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp. Ó fi àwòrán àwọn tí wọ́n ti ṣe tiwọn ránṣẹ́ sí i, ó ní ẹ̀dínwó yóò parí lálẹ́ ọjọ́ náà, àbúrò mi sì sáré san àsansílẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, lẹ́yìn tó ti bọ́ aṣọ, tí wọ́n ti fi bírò fa ìlà sí i níkùn àti nídìí, tí nọ́ọ̀sì sì ti gún un ní abẹ́rẹ́ tó ń mú ara wálẹ̀, ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìwé olójú mẹ́fà lé e lọ́wọ́ pé kó fọwọ́ sí i. Ó ní ńṣe ni àwọn lẹ́tà náà ń rìn lójú òun bí èèrà. Ó fọwọ́ sí i bẹ́ẹ̀. Ohun tó yọ ọ́ ni pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n sì sún iṣẹ́ náà sí Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìgbà tó délé tó ka ẹ̀dà ìwé náà ló tó rí i pé wọ́n kọ ikú mọ́ ohun tó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún un rí. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun ronú, wọ́n ní ó ti fọwọ́ sí i, ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣé lóòótọ́ ni ìwé náà dè é?

Nọ́ọ̀sì Peckham fèsì:

Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Yàrá iṣẹ́ abẹ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní London, mo sì fẹ́ fi ọkàn yín balẹ̀ lórí èyí: kò sí ìwé kankan tó lè de aláìsàn mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìyọ̀ǹda tó fi sílẹ̀, ó lè gbà á padà nígbàkúùgbà, kódà bí wọ́n bá ti ń tì í lọ. Èyí tó sì fọwọ́ sí lẹ́yìn abẹ́rẹ́ yẹn, ìyọ̀ǹda wo ló wà níbẹ̀?

Ní ìlú tí mo wà yìí, ìlànà tí GMC, àjọ tó ń bójú tó iṣẹ́ àwọn dókítà níbí, gbé jáde fún wọn lórí iṣẹ́ ẹwà ní ọdún 2016 sọ pé dókítà tó máa ṣe iṣẹ́ náà gan-an ni kó bá aláìsàn jíròrò, kò gbọdọ̀ rán ẹlòmíràn. Ó ní kí wọ́n fún un láàyè láti ronú, kí wọ́n má sì fi ọgbọ́n ìpolówó tì í ṣe ìpinnu tí kò rò jinlẹ̀. Ẹ̀dínwó tó ń parí lóru yẹn wà lára ohun tí wọ́n ń kọ̀. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ tilẹ̀ fẹ́ kí ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì wà láàárín ìjíròrò àti ọ̀bẹ.

Ní ti ikú tí wọ́n kọ síbẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdẹ́rùbani. Bí ọpá oníhò tí wọ́n fi ń da ọ̀rá sí ìdí bá kọjá abẹ́ awọ wọ inú ẹran, ọ̀rá lè bọ́ sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó wà níbẹ̀, kó gba ọkàn lọ dí ẹ̀dọ̀fóró, kí ẹ̀mí sì bọ́ kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ abẹ tó parapọ̀ wádìí ọ̀rọ̀ náà sọ ní ọdún 2018 pé ó tó ẹnì kan nínú 3,000 tó ń kú. Lọ́dún yẹn kan náà ni BAAPS, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ ẹwà níbí, gba àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn níyànjú pé kí wọ́n dá a dúró. Ọdún 2022 ni wọ́n tó ṣí i padà, pé abẹ́ awọ nìkan ni kí ọ̀rá mọ sí. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí àbúrò wa máa bi dókítà ni pé: “Ibo lẹ máa da ọ̀rá sí, báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ẹ kò kọjá ibẹ̀?”

Agbẹjọ́rò Bódìjà fèsì:

Nọ́ọ̀sì ti sọ ti Ìlú Ọba; ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilé. Apá 23 nínú òfin ètò ìlera Nàìjíríà ti ọdún 2014 pàṣẹ kí olùtọ́jú ṣàlàyé ọ̀nà ìtọ́jú tó wà, àǹfààní rẹ̀, ewu rẹ̀, iye owó rẹ̀ àti ohun tó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, kó sì sọ fún aláìsàn pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀. Òfin náà fi kún un pé, níbi tó bá ti ṣeé ṣe, kí ó jẹ́ ní èdè tó yé aláìsàn, kí wọ́n sì wo bó ṣe mọ̀wé tó. Àwọn èèyàn wa kì í sábà mọ̀ pé òfin yìí wà, wọ́n á máa rò pé ojú rere dókítà ni àlàyé.

Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀tọ́ láti kọ̀ ní ọdún 2001, nínú ẹjọ́ dókítà Okonkwo, tí wọ́n dá dúró fún oṣù mẹ́fà nítorí pé ó gbà fún aláìsàn rẹ̀ tó kọ̀ láti gba ẹ̀jẹ̀ sára nítorí ẹ̀sìn. Ilé ẹjọ́ dá dókítà náà láre. Bí àgbàlagbà bá lè kọ ohun tó lè gba ẹ̀mí rẹ̀ là, mélòó mélòó ni ti ìdí tí kò ṣàìsàn?

Owó yàtọ̀ o. Bí àsansílẹ̀ bá ní ohun tí wọ́n kọ sí rìsíìtì, àdéhùn ni, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n á yọ díẹ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n pé kí wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ mì nítorí pé ó ní òun fẹ́ ronú, ẹ lè gbé ìyẹn lọ bá FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà. Ẹ kọ lẹ́tà ní báyìí pé ó gba ìyọ̀ǹda rẹ̀ padà, kí ẹ kọ ọjọ́ àti aago sí i, kí ẹ sì tọ́jú gbogbo ohun tí obìnrin náà fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp.

Dókítà Ọ̀ṣun fèsì:

N kò gbè sẹ́yìn ilé ìwòsàn yẹn. Ohun tí wọ́n ṣe kò dára rárá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú wa ń rí. Ìgbà tí mo bá dé orí ikú nínú àlàyé mi, bí aláìsàn ṣe máa ń dá a mọ́ mi lẹ́nu nìyẹn: “Ọlọ́run ò ní jẹ́ o, dókítà, ẹ má sọ ọ́ jáde.” Òmíràn á fi ọwọ́ yí orí rẹ̀ po lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Tí mo bá dákẹ́ nígbà náà, mo ti jẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé màá ṣe àmín sí àdúrà rẹ̀, màá sì ní kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí mo sọ padà fún mi lédè Yorùbá. Bí kò bá lè sọ ọ́, kò tíì yé e nìyẹn, ọ̀bẹ kò sì tíì kàn.

Ẹ rántí bi í léèrè bóyá àpá máa ń wú sí i lára, bóyá ẹnì kan nínú ìdílé yín ní irú rẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n ti bèèrè. Ẹ sì jẹ́ kó mọ̀ pé ara máa ń fa díẹ̀ padà nínú ọ̀rá náà, pé àwòrán tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i lè má jẹ́ bí tirẹ̀ ṣe máa rí.

Ẹ̀gbọ́n Ṣómólú fèsì:

Ẹ ṣeun, ẹ kò ní rí àìdára. A kọ lẹ́tà náà lánàá, àbúrò mi ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Kò pé wákàtí méjì tí oníṣẹ́ abẹ fúnra rẹ̀ fi pè é, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa gbọ́ ohùn ọkùnrin náà nìyẹn. Ó dáhùn ìbéèrè nípa ibi tí ọ̀rá ń lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó bi í bí yóò ṣe mọ̀ pé òun kò kọjá abẹ́ awọ, ó ní kó fi ọkàn balẹ̀, pé ọwọ́ òun ti mọ́ ọn lára. Àbúrò mi kọ ìdáhùn yẹn sínú ìwé kékeré kan, ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ti di ọjọ́ tí kò sí lórí kàlẹ́ńdà wa mọ́. Owó la ń lé báyìí.