Owó ìrànwọ́ fún alárùn ọpọlọ ní Kétu: ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ Kétu: Ẹ kúulé o, ẹ̀yin ará ilé. Àìsàn ọpọlọ ti mú ẹni méjì lọ nínú ẹbí wa. A fẹ́ dá owó jọ ní orúkọ wọn fún àwọn tí àìsàn náà ṣì ń bá jà. Ṣé MoMo, owó orí fóònù, la máa fi gbà á ni? Kí la sì máa fi owó ọ̀hún ṣe gan-an?

Ìyá Àdùkẹ́: Ẹ kú àmúmọ́ra, ọmọ mi. Ẹ mọ ohun tí ẹ fẹ́ rà kí ẹ tó tọrọ owó. Oògùn ni kí ẹ mú, torí òun ló máa ń já: ara á fúyẹ́, owó á tán, wọn á pa oògùn tì, àìsàn á tún gbérí. Ká ní oògùn ẹnì kan ń gba 6,000 sẹ́fà lóṣù, ẹni márùn-ún á gba 360,000 lọ́dún. Ẹ fi owó ọkọ̀ lílọ sí Jacquot, ilé ìwòsàn àìsàn ọpọlọ ní Kútọnu, kún un. Ẹni mẹ́ta tó rí oògùn jẹ yípo ọdún sàn ju ogún tó jẹ ẹ́ fún oṣù méjì lọ.

Akápò: MoMo dára, àmọ́ ẹ má lo nọ́ńbà ẹnikẹ́ni nínú ẹbí. Ẹ ṣí tuntun. Kí ẹnì kan mú fóònù náà lọ́wọ́, kí ẹlòmíì mọ kóòdù. Àwọn gbájúẹ̀ máa ń yí nọ́ńbà inú ìkéde WhatsApp padà kí wọ́n tó tún un pín, nítorí náà ẹ kọ orúkọ tó máa yọ lójú fóònù sínú ìkéde, kí olówó yẹ̀ ẹ́ wò kó tó fi ránṣẹ́. Fàmasí ni kí ẹ sanwó fún, kí ẹ gba rìsíìtì. Ẹ má kó owó lé ẹbí aláìsàn lọ́wọ́. Ebi ilé á kọ́kọ́ jẹ ẹ́.

Nọ́ọ̀sì Sábẹ̀ẹ́: Ẹ bi dókítà bóyá *trihexyphenidyl* wà lórí ìwé oògùn. *Haloperidol*, oògùn àìsàn ọpọlọ, lè mú kí ọrùn le, kí ahọ́n lọ́, *trihexyphenidyl* ló sì máa ń dẹ̀ ẹ́; bí kò bá sí, ẹ̀rù á ba aláìsàn, á sì da oògùn nù. Àwọn aláàánú máa ń ra ọ̀kan, wọ́n á gbàgbé èkejì.

Ẹ má gbé fọ́tò aláìsàn síta o, pàápàá èyí tó wà nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá yá tán, ta ló máa gbà á síṣẹ́?

Ọmọ Kétu: A dúpẹ́ o. Jacquot jìnnà sí wa díẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Sábẹ̀ẹ́: Ẹ wádìí ní Saint-Camille, ibùdó ìtọ́jú alárùn ọpọlọ ti Grégoire Ahongbonon dá sílẹ̀, tó wà ní Avrankou, lẹ́bàá Àjàṣẹ́.